Mọ́nítọ̀ Íǹṣì Mélòó Ló Yẹ Sitúdíò Inú Yàrá?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Lágere ní Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé. Yàrá kan tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tó gùn ní 12, ni mo sọ di sitúdíò. Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn onílù ni mo sábà máa ń gba ohùn wọn sílẹ̀. FL Studio, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe orin, ni mò ń lò lórí láptọ́ọ̀pù íǹṣì 15, ṣùgbọ́n ojú ti ń ro mí, ọrùn náà sì ti ń dùn mí. Tábìlì mi fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ó jìn ní 2. Sípíkà méjì oníńṣì 5 ló wà lórí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ ra tẹlifíṣàn íǹṣì 43, kí n gbé e sí àárín wọn, pé bí ojú rẹ̀ bá ṣe tóbi tó ni iṣẹ́ ṣe máa yá tó. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú làálàá. Tẹlifíṣàn yẹn, fi í sílẹ̀ ní ìsọ̀ tó wà. Mọ́nítọ̀ íǹṣì 27 tí píksẹ́ẹ̀lì rẹ̀ (àwọn ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tó ń ya àwòrán) jẹ́ 2560 lọ́nà 1440 ló bá tábìlì rẹ mu. Bí owó ò bá ká a, gba íǹṣì 24 tó jẹ́ 1920 lọ́nà 1080, kò sí ohun tí yóò ṣe orin rẹ. Bí èyí bá ti tó ọ, o lè máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Àmọ́ bí o bá kó kúrò nínú yàrá yìí lọ́la, tàbí tí o ní kí káfíńtà kan ṣe tábìlì mìíràn, ìdáhùn lè yí padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí o rí bí mo ṣe ṣírò ó.

Ọ̀rẹ́ rẹ ń ro ojú nìkan. Ní pálọ̀, ara ògiri ni tẹlifíṣàn ń gbé, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ní sitúdíò, àárín sípíkà méjèèjì ni mọ́nítọ̀ ń jókòó sí, ibẹ̀ gan-an sì ni etí wa ti ń gbọ́ ohùn ẹni tó ń lé orin, àti ìlù tí a fi sí àárín orin. Ohun tí o bá gbé síbẹ̀, ọ̀nà ohùn lo gbé e sí. Bí sípíkà bá ń ké, apá kan ohùn rẹ̀ á wá tààrà sí etí rẹ, apá kan á lọ kọlu ohun tó bá sún mọ́ ọn, á ta padà, á sì dé lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ ní ìwọ̀n tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan rárá. Méjèèjì á wá dà pọ̀. Níbì kan nínú ohùn náà wọ́n á pa ara wọn, níbòmíràn wọ́n á gbé ara wọn sókè. Bí ojú gbọọrọ kan bá wà láàárín sípíkà rẹ, o lè jókòó fún wákàtí kan kí o máa dín ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kù nítorí ó ń ta ọ́ létí, kí o wá gbé orin náà lọ sínú ọkọ̀, kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà má sí níbẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ibi tí sípíkà máa jókòó sí ni a kọ́kọ́ ń wọ̀n, lẹ́yìn náà la ó wá wo mọ́nítọ̀ tí àyè tó kù gbà. Òfin rẹ̀ ò le: bí sípíkà kan ṣe jìnnà sí èkejì, bẹ́ẹ̀ náà ni kí kọ̀ọ̀kan wọn ṣe jìnnà sí orí rẹ, kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ igun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Ẹsẹ̀ bàtà 4 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 122. Sípíkà oníńṣì 5 (awọ inú rẹ̀ ni wọ́n fi íǹṣì wọ̀n, kì í ṣe àpótí rẹ̀) sábà máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 19 tàbí kó dín díẹ̀. Bí o bá ti ọ̀kan sí ìkángun ọ̀tún, tí o ti èkejì sí ti òsì, sẹ̀ǹtímítà 84 ló ṣẹ́ kù láàárín wọn. Tẹlifíṣàn íǹṣì 43 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 96. Kò lè wọ ibẹ̀. Àfi kí o gbé e sí iwájú sípíkà, ìyẹn ni pé o ti bo sípíkà tí o fowó rà, tàbí kí o gbé sípíkà sí ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀kan náà ni.

Ìwọ̀n íǹṣì tí wọ́n ń kọ sára páálí, láti igun dé igun ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe fífẹ̀ rẹ̀. Íǹṣì 24 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 53, íǹṣì 27 tó 60, íǹṣì 32 tó 71, ká má tíì ka etí tó yí i ká. Ti oníwọ̀n gbọọrọ íǹṣì 34, tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí fi ń yan lórí YouTube, fẹ̀ tó 80.

Wò ó báyìí, o lè sọ pé íǹṣì 32 á wọ sẹ̀ǹtímítà 84 yẹn. Á wọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí sípíkà bá wà ní ìkángun méjèèjì, láti àárín ọ̀kan dé àárín èkejì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 103, orí rẹ sì gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bíi 89 sẹ́yìn ìlà tí wọ́n wà. Tábìlì rẹ ò jìn ju 61 lọ. Ó túmọ̀ sí pé o máa fa àga sẹ́yìn tó ààbọ̀ mítà sí etí tábìlì, ọwọ́ rẹ ò ní í tó máòsì. Kí lo máa wá ṣe? O máa tẹ̀ síwájú. Bí o bá ti tẹ̀ síwájú, igun mẹ́ta ti bàjẹ́, ohùn sípíkà méjèèjì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ, àárín orin á sì dà bí ihò. Mo ti bá èyí pàdé ní sitúdíò púpọ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Iléṣà: ẹni tó ni ín á ní ohun èlò òun ò dára, kò sì sí ohun tó ṣe ohun èlò.

Fa sípíkà rẹ súnmọ́ ara wọn. Jẹ́ kí àárín sí àárín jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 85. Àyè tó wà láàárín wọn á di 66, íǹṣì 27 á jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí ìka ọwọ́ kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Orí rẹ á wá wà ní 74 sí ìlà sípíkà, ọwọ́ rẹ á tó máòsì, ẹ̀yìn rẹ á fara ti àga. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù: nínú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10, ògiri ò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Bí o bá ṣe súnmọ́ sípíkà tó ni ohùn tiwọn á ṣe máa borí ohùn tí ògiri ń ta padà. Mọ́nítọ̀ kékeré ló ń jẹ́ kí sípíkà lè súnmọ́ra. Íǹṣì 24 tilẹ̀ gbà kí o fà wọ́n wá sí 75, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ka ẹni tó rà á sí ẹni tó ra ìyà.

Bí o bá ti gbé e sí àárín, má ṣe jẹ́ kí ojú mọ́nítọ̀ yọ síwájú ojú sípíkà. Kó wà sẹ́yìn díẹ̀, kí o sì dà á sẹ́yìn díẹ̀, kí ohun tó bá ta lára rẹ̀ gba òkè lọ. Sípíkà kékeré tó wà lókè nínú sípíkà rẹ, èyí tó ń gbé ohùn tínrín jáde, kí òun àti etí rẹ wà ní déédéé.

Kí o tó náwó rárá, wá páálí ńlá kan ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta fíríìjì. Gé e ní sẹ̀ǹtímítà 61 lọ́nà 36, gbé e dúró láàárín sípíkà, kí o fi orin kan tí o mọ̀ bí ẹní mowó sí i, èyí tí ohùn olórin rẹ̀ wà gedegbe láàárín. Gbọ́ ọ. Yọ páálí kúrò, tún gbọ́. Lẹ́yìn náà gé òmíràn ní 96 lọ́nà 56, èyíinì ni ti ọ̀rẹ́ rẹ, gbé e síbi tó bá gbà á, pe ọ̀rẹ́ rẹ wá jókòó sórí àga náà.

Ó ku ti ojú. Íǹṣì ń sọ bí mọ́nítọ̀ ṣe tóbi, píksẹ́ẹ̀lì ló ń sọ iye nǹkan tó lè gbà. Àwọn tó ń tà á kì í sọ èyí, nítorí íǹṣì ni gbogbo ayé ń béèrè. Mọ́nítọ̀ íǹṣì 22 tó jẹ́ 1920 lọ́nà 1080 àti íǹṣì 27 tó jẹ́ 1920 lọ́nà 1080, iye nǹkan kan náà ni wọ́n máa fi hàn ọ́. Bí FL Studio bá fi tráàkì (ìlà ohùn kọ̀ọ̀kan) 20 hàn lórí ti àkọ́kọ́, 20 náà ló máa hàn lórí èkejì, wọ́n kàn sanra sí i ni. Èyí tó jẹ́ 2560 lọ́nà 1440 ló fi ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún ju 1080 lọ ní iye píksẹ́ẹ̀lì. Níbẹ̀ lo ti máa rí ìyàtọ̀ gidi.

Fojú inú wo iṣẹ́ rẹ gan-an. Akọrin ṣọ́ọ̀ṣì: sopránò méjì, áltò méjì, ténọ̀, básì, ẹni tó ń lé orin, dùùrù, gìtá básì. Onílù wá dé, ìyáàlù ní máìkì tirẹ̀, omele ní tirẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ń bá ara wọn pín ọ̀kan. Tráàkì 12 rèé, o ò tíì ṣe àfikún ohùn kankan. O fẹ́ rí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, kí mixer, ibi tí a ti ń gbé ohùn kọ̀ọ̀kan sókè tàbí sódò, sì ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀ láìbo wọn. Lórí láptọ́ọ̀pù rẹ, ṣíṣí-pípa ni ìyókù ayé rẹ. Tún wo ti ìyáàlù: bí onílù bá fi ìlù sọ gbólóhùn kan, tí o fẹ́ gé e gbé lọ síbi tí ìlà orin ti parí, ibi tí ọ̀pá ti ba awọ gbọ́dọ̀ hàn sí ọ kedere, kí o sì rí ibi tí ohùn tó ń yọ́ lọ sókè ti tán, nítorí bí o bá gé ìrù rẹ̀ kúrò, ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ ti yí padà. Lórí íǹṣì 15, o máa sún un súnmọ́ títí tí o fi máa rí ìlù yẹn, àmọ́ o ò ní í rí ohùn akọrin tó wà lókè rẹ̀ mọ́. Íǹṣì 27 oní-1440 á gba méjèèjì.

Ti 4K, èyí tó jẹ́ 3840 lọ́nà 2160, ńkọ́? Lórí íǹṣì 27, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ máa ń kéré débi pé ìwọ fúnra rẹ lo máa sọ fún Windows kó fi gbogbo rẹ̀ sí ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí o bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, àyè tí o ní ti padà sí ti 2560 lọ́nà 1440. Lẹ́tà rẹ̀ á mọ́ lójú jù lóòótọ́, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù rẹ ló máa ru ẹrù náà. FL Studio fúnra rẹ̀ ti ń tóbi tàbí kéré láìfọ́ láti ẹ̀dà 12 tó jáde ní 2015, àmọ́ plug-in (ètò kékeré tí a ń fi kún un) àtijọ́ tí o ń lò nínú rẹ̀ lè má mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, á máa wo ọ́ bíi bóńtínì ẹ̀wù. Ní íǹṣì 32, 4K bọ́gbọ́n mu. Kì í ṣe tìrẹ báyìí.

Ọ̀nà tí o máa jókòó tí mo ṣírò fún ọ, ojú rẹ á wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 80 sí mọ́nítọ̀. Níbẹ̀, bí lẹ́tà 1440 bá kéré fún ọ, fi Windows sí ìdá 125 nínú ọgọ́rùn-ún. O ṣì máa ní àyè ju ti 1080 lọ.

Mo padà sí tẹlifíṣàn náà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ íǹṣì 43 tí owó rẹ̀ rọjú jẹ́ 1920 lọ́nà 1080. Bí láptọ́ọ̀pù rẹ bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ (lọ wò ó ní Display Settings), tráàkì kan ṣoṣo kò ní í fi kún èyí tí o ń rí. Tẹlifíṣàn tún máa ń ṣe àwòrán lóge kó tó gbé e jáde, ìdí nìyẹn tí máòsì fi ń fà lẹ́yìn ọwọ́ lórí òmíràn, tí etí lẹ́tà pupa tàbí búlúù sì máa ń ṣú. Bí o bá yí i sí ipò géèmù tàbí ti kọ̀ǹpútà, ó máa ń dín kù. Gíga rẹ̀ tún wà níbẹ̀: ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 56 láìka ẹsẹ̀. Ìlà òkè mọ́nítọ̀ kò yẹ kó kọjá ojú ẹni tó jókòó. Ìwọ tí ọrùn ti ń dùn, o fẹ́ máa wòkè bí ẹni ń ṣọ́ ẹyẹ?

Nípa ọrùn yẹn, íǹṣì 27 lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń bá ojú mu láìfi nǹkan kún un. Bí ihò mẹ́rin bá wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìgun mẹ́rin tó jẹ́ mìlímítà 100 sí 100, o lè ra apá onírin tí wọ́n ń dè mọ́ etí tábìlì. Mo fọwọ́ sí i: ó ń gba tábìlì sílẹ̀, o sì lè ti mọ́nítọ̀ sẹ́yìn ju bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe máa gbà lọ. Ti oníkọ̀rọ̀, èyí tí ojú rẹ̀ tẹ̀, àti ti 144 Hz (iye ìgbà tí àwòrán ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) tí àwọn tó ń ta géèmù ń pariwo rẹ̀, má dá ara rẹ láàmú. 60 Hz tó orin. Irú ojú mọ́nítọ̀ tí wọ́n ń pè ní IPS ni kí o béèrè, kí àwọ̀ rẹ̀ má yí padà bí akọrin bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ láti wò ó.

Tòkunbọ̀ dára fún iṣẹ́ yìí ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Mọ́nítọ̀ ọ́fíìsì íǹṣì 24 tó jẹ́ 1920 lọ́nà 1200 ń wọlé láti ìlú òyìnbó, ó ga díẹ̀ ju ti ìsinsìnyí lọ, ìlà 120 tó fi ga yẹn sì máa ń gba tráàkì kan tàbí méjì sí i. Wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí o tó sanwó: àwọn kan nínú wọn ò ní HDMI, DisplayPort tàbí DVI ni wọ́n ní, wáyà tó ń yí i padà ni o máa rà. Èyí tó bá jẹ́ VGA nìkan ló ní, fi sílẹ̀. Gbé àwòrán funfun kan, dúdú kan àti pupa kan sórí fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù rẹ lọ sí ìsọ̀, fi kún ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o wá píksẹ́ẹ̀lì tó ti kú. Lẹ́yìn náà, dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù sí ìdajì, kí o gbé etí lé ẹ̀yìn rẹ̀. Òmíràn máa ń súfèé nígbà yẹn. Ẹni tó ń tà á á máa wò ọ́ bíi wèrè, má dá a lóhùn, súfèé yẹn ni gìtá iná máa gbé sínú orin rẹ. Bí o bá ti rà á tẹ́lẹ̀ tó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ga dé òkè, kí o ní kí onígìtá jìnnà sí i. Bí o bá ń gbé e bọ̀ láti Ìkẹjà, dúró ni kó dúró nínú ọkọ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé àpò ẹ̀wà lé e.

Iná. Wo bébà tó wà lẹ́yìn mọ́nítọ̀. Íǹṣì 27 sábà máa ń jẹ nǹkan bíi wọ́ọ̀tì 30, tẹlifíṣàn íǹṣì 43 lè jẹ tó 90. Ká ní láptọ́ọ̀pù àti sípíkà pa pọ̀ jẹ 100. Bátìrì olómi 12V, 200Ah kan kó wọ́ọ̀tì-wákàtí 2400, ìdajì rẹ̀ ló sì yẹ kí o máa lò kó tó gba iná padà. Ìnfátà fúnra rẹ̀ á tún jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Pẹ̀lú mọ́nítọ̀, o lè ṣiṣẹ́ tó wákàtí méje sí mẹ́jọ tí iná bá lọ. Pẹ̀lú tẹlifíṣàn, márùn-ún. Tí ìnfátà rẹ kì í bá ṣe oní-pure sine wave, èyí tí iná rẹ̀ ń jáde geere, ariwo rẹ̀ nínú sípíkà á ti lé ọ kúrò kó tó dé ibẹ̀.

Kí o tó sanwó fún 1440, so láptọ́ọ̀pù rẹ mọ́ ọn nínú ìsọ̀ náà. HDMI àwọn láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan kì í kọjá 1080. Bí tìrẹ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, íǹṣì 24 ni o máa rà, láìsí àríyànjiyàn.

Ohun kan tí o ò béèrè: ìwọ àti akọrin jọ wà nínú yàrá kan náà. Mọ́nítọ̀ ò ní fáànù, láptọ́ọ̀pù ló ní in, máìkì rẹ sì ń gbọ́ ọ ní gbogbo ìgbà tí akọrin bá dánu dúró kí ó tó mú ìlà tó kàn. Ra wáyà HDMI mítà 5, kíbọ́ọ̀dù àti máòsì tí kò ní wáyà, kí o gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ẹnìkan nílé bá ní mọ́nítọ̀ íǹṣì 19 tó ń kó eruku, gbé e sí iwájú akọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ máìkì, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, kí ohùn má baà ta lára rẹ̀ padà sínú máìkì. Láti orí fóònù rẹ kan tí o so mọ́ ọn tàbí kọ̀ǹpútà àtijọ́, fi ọ̀rọ̀ orin sí i ní lẹ́tà ńlá, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀. Ariwo ìwé tí wọ́n ń ṣí láàárín orin á dópin, sopránò tó gbójú lé áltò láti rántí ẹsẹ kejì á sì kọ ọ́ fúnra rẹ̀.